Ère Wa Wà Lókè Òkun, Odó Wa Ṣì Wà Nílé

Ohun mẹ́ta ni àlejò tó bá dé Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó máa ń béèrè: níbo ni wọ́n ti ń jẹun, níbo ni wọ́n ti ń rajà, kí ló wà níbí téèyàn lè wò? Lórí méjì àkọ́kọ́, onílé kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Á júwe ìyá oníyán, á júwe ọjà, á tún sọ ọjọ́ tí ọjà náà máa ń kún. Ìgbà tó bá kan ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ máa ń fà. Á ní kí àlejò lọ sí Ifẹ̀, tàbí kó lọ sí Ìkọ́gòsì lọ wo ibi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù. Ìmọ̀ràn rere ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí wọn ni pé kò sí nǹkan kan láti wò láàárín Ìdó sí Ìkọ̀lé. Irọ́ gbáà ni. Agbègbè yìí, àti àwọn ìlú Èkìtì tí ààlà ìpínlẹ̀ tì sí ọ̀dọ̀ Kwara, wà lára ibi tí ère gbígbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ti dé góńgó. Ohun tí kò sí ni ilé tí a ó kó iṣẹ́ náà sí kí ọmọ onílé àti àlejò lè rí i. Èrò mi ni pé ó ti tó àkókò kí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà, pé Ọ̀yẹ́ ló yẹ kó wà, àti pé ẹ̀gbẹ́ ọjà ló yẹ kí wọ́n kọ́ ọ sí, nítorí pé ní ilẹ̀ yìí, oúnjẹ, ọjà àti ọnà kò fìgbà kan rí jẹ́ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibi oúnjẹ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àlejò fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti Adó, ọ̀nà gba Ìwòrọ̀kọ̀ dé Ìfàkì, ibẹ̀ ló sì ti pín: apá òsì lọ sí Ìdó, apá ọ̀tún lọ sí Ọ̀yẹ́, ó gba Ìlúpéjú àti Ìtapá dé Ìkọ̀lé, ó sì ń lọ títí dé Ọ̀mùò níbi tí ilẹ̀ Èkìtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ní gbogbo ojú ọ̀nà yìí, iyán ni oúnjẹ. Uyán ni àwọn onílé ń pè é lẹ́nu tiwọn, àgbàlagbà tó bá sì jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án lè sọ ọ́ ní alẹ́ pé òun kò tíì jẹun láti àárọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà sì dá a lójú. Ẹ dúró wo bí wọ́n ṣe ń gún un. Iṣu tó jinná á kọ́kọ́ wọ inú odó ní ìwọ̀nba, ọmọ odó á máa fọ́ ọ wẹ́wẹ́ láìsí ariwo púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìró rẹ̀ á yí padà, á wá di gbì, gbì, gbì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà lójúde á mọ̀ pé oúnjẹ ti ń bọ̀. Bí ẹni méjì bá jọ ń gún un, ọmọ odó kan á máa gòkè bí èkejì ti ń sọ̀ kalẹ̀, wọn kì í sì í kọlu ara wọn. Ọwọ́ á bọ inú odó láàárín gúngún méjì, á yí iyán padà, á wá kókó, á yọ ọ́ sọnù. Omi gbígbóná díẹ̀ á tẹ̀lé e, gúngún á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iyán bá ń fà tí kò sì lẹ̀ mọ́ ọmọ odó mọ́, ó ti dé ibi tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ̀rọ tó ń gún iyán ti wọ àwọn búkà kan, ó sì ń dín làálàá kù, ṣùgbọ́n òkèlè àkọ́kọ́ ló máa ń tú àṣírí rẹ̀ fún ẹni tó mọ iyán jẹ. Ní ti ọbẹ̀, kí àlejò má kàn sọ pé ẹ̀gúsí nìkan lòun ń fẹ́. Kí ó béèrè ìsápá. Wọ́n ń bọ ìsápá, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ dáadáa kí kíkan rẹ̀ lè rọlẹ̀, kí wọ́n tó sè é pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Díẹ̀ tó kù nínú kíkan náà ló ń mú kí ọbẹ̀ yìí yàtọ̀ lẹ́nu, tí kì í jẹ́ kí iyán sú èèyàn.

Lẹ́yìn tí àlejò bá ti yó, kí ó tún yíjú sí odó náà. Ìtì igi kan ṣoṣo ni. Kò sí ìṣó, kò sí oríkèé, kò sí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n ìdí tí kò ní jẹ́ kó yí lulẹ̀, ó mọ bí ikùn rẹ̀ yóò ṣe jìn tó kí iyán má baà fò jáde, ó sì mọ igi tí kò ní fi èérún sínú oúnjẹ. Gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ kì í gbẹ́ ère nìkan. Ó ń gbẹ́ odó, ó ń gbẹ́ ọpọ́n ayò, ó ń gbẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ń gbẹ́ ìlù. Ẹ wá gbé odó yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère Ẹpa, èyí tí àríwá Èkìtì fi lókìkí káàkiri ayé. Ìtì igi kan ṣoṣo ni òun náà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, òun sì ni ẹni tó ń gbé e jó fi ń bo orí. Ojú ńlá méjì wà lára rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Lókè ìkòkò yẹn ni ayé wá pọ̀ sí: jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá tí àwọn ọmọ yí ká, onífèrè, ìránṣẹ́, ẹrú, gbogbo wọn láti inú igi kan náà, láìlẹ̀ ọ̀kan mọ́ èkejì. Ó wúwo débi pé ẹni tí yóò gbé e gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin alágbára, nítorí kì í ṣe pé yóò kàn rìn. Yóò jó, yóò sì fò. Ìmọ̀ tó gbẹ́ odó tí kì í yí náà ló gbẹ́ Ẹpa tí kì í fà síbì kan lórí ẹni tó ń fò. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tó bá ya ilé oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ilé ọnà ní Èkìtì kò tíì mọ Èkìtì.

Orúkọ àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí kò sọnù, èyí sì jẹ́ ohun tó yẹ kí a máa dúpẹ́ lé lórí, nítorí pé níbi púpọ̀ ní Áfíríkà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun kàn máa ń kọ orúkọ ẹ̀yà sábẹ́ ère, wọn kì í kọ orúkọ ènìyàn. Aréògún wà ní Ọ̀sì, ó sì kú nínú àwọn ọdún 1950. Bámigbóyè wà ní Odò-Ọwá títí di ọdún 1975. Bándélé, ọmọ Aréògún, tẹ̀lé ọ̀nà bàbá rẹ̀. Ọ̀sì àti Odò-Ọwá wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, nítorí pé ìjọba àwọn òyìnbó pa wọ́n mọ́ Ìlọrin, ṣùgbọ́n Èkìtì ni wọ́n, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ọ̀sì wà sì ń jẹ́ Èkìtì títí di òní. Ààlà orí ìwé kò gé iṣẹ́ ọwọ́ sí méjì. Ní apá gúúsù, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, ń gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ààfin. Ẹ wá wo ibi tí àwọn ará ayé ti ń wo iṣẹ́ wọn. Ní 1998, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington pàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 di oṣù kìíní 2023, Yunifásítì Yale pàtẹ iṣẹ́ Bámigbóyè ní New Haven, ní Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní Ọ̀yẹ́, tí ìrìn ọ̀sán kan péré wà láàárín òun àti Odò-Ọwá, gbọ́dọ̀ gba físà kó tó rí irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ló ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ jù. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ó sì ya ìgbà tí òyìnbó tó ń ṣojú ìjọba wá kí ọba sára rẹ̀: ọba jókòó sórí ìtẹ́, àwọn ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, òyìnbó náà sì wà lórí àga tí àwọn aláàárù gbé. Ní 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Gẹ̀ẹ́sì rí i, ó sì wù wọ́n. Ògògà kò tà á lówó. Ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn míì fún ààfin. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí yára-yára lè dá ọba lẹ́bi. Èmi kò dá a lẹ́bi. Ọba tí gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀ ṣì wà láàyè, tó mọ̀ pé òun lè ní kó gbẹ́ òmíràn, kò sọ ọnà nù; ìlẹ̀kùn kan ló fi ṣe pàṣípààrọ̀. Àwa tí a wà lónìí ni a wà nínú ewu, nítorí a ti sọ ìlẹ̀kùn nù, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ẹni tó lè gbẹ́ òmíràn nù pẹ̀lú.

Èyí ló gbé mi dé Ọ̀yẹ́. Ní 1947, àwọn fadá Ìjọ Àgùdà láti inú ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní ìlú náà. Kevin Carroll àti Sean O'Mahoney ló wà nídìí rẹ̀. Wọn kò ránṣẹ́ sí Róòmù fún ère ìjọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí Bándélé, ọmọ Aréògún, wọ́n kó ahunṣọ àti àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọnà jọ, wọ́n sì ní kí wọ́n fi ọwọ́ tí bàbá wọn fi ń ṣiṣẹ́ fún ọba àti òrìṣà ṣe ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀wù àlùfáà, àti ère ìbí Jésù. Nínú ère ìbí Jésù tí Bándélé gbẹ́, àwọn amòye tó wá láti ìlà-oòrùn múra bí ọba Yorùbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá Ọ̀ràngún, Lámídì Fákẹ́yẹ, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ní Ọ̀yẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sójú ayé: òun ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn, òun ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, UNESCO sì bu ọlá fún un kó tó jáde láyé ní oṣù Kejìlá 2009. Ibi iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ parí ní 1954. Ọdún méje péré ni, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó ń kọjá ní títì Ọ̀yẹ́ lójoojúmọ́ ló mọ̀ pé ìlú tí wọ́n ń gbà kọjá ló mú ère gbígbẹ́ Yorùbá sọdá láti ayé àtijọ́ sí ayé òde òní?

Ọjà wá ńkọ́? Kí àlejò kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ ọjà kí ó tó gbéra, nítorí ọjà ọrún ṣì ń ná ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ lásán sì pọ̀ gan-an. Iṣu ni olórí ọjà, pàápàá ní ìhà Ìkọ̀lé. Kí á rà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ orúkọ iṣu tó ń tà, kí á sì béèrè èyí tó dára fún iyán, nítorí kì í ṣe gbogbo iṣu ló ń fà. Ẹ̀gúsí, ìsápá gbígbẹ, epo, obì, orógbó, ìgbín, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó wá ìkòkò amọ̀ lọ sí Ìsàn. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń mọ ọ́n, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n sì ti ń sun ún láàárín igi àti koríko. Àmì dúdú tí iná máa ń fi sára ìkòkò kì í ṣe àbùkù, ẹ̀rí pé kò ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ wá ni. Ẹ má ṣe bèèrè pé kí ìkòkò méjì bára mu rẹ́gí.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí àlejò rà rárá: ère àtijọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fà yín sẹ́yìn ilé pé òun ní ère tí bàbá bàbá òun fi sílẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Láti 1953 ni òfin ti wà pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìrántí sílẹ̀ tún fi kún un pé ẹni tí àjọ náà fún láṣẹ nìkan ló lè máa rà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin nìkan ni mo ń wò. Owó tí àlejò bá san fún ère tí wọ́n jí gbé ń sọ fún ọmọ ìlú pé ohun tó níye lórí ni èyí tó ti gbó, kì í ṣe ọwọ́ tó lè gbẹ́ òmíràn. Ẹ ra iṣẹ́ tuntun. Ẹ bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ fún un ní àkókò, ẹ san owó rẹ̀ pé.

Ẹnìkan lè sọ pé: kí la tún ń fi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe, nígbà tí ìlú fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé? Àtakò tó lágbára jù nìyí, n kò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ wo Ìrè, tí kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́. Ìtàn sọ pé Ògún ti ogun dé, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn ènìyàn níbi àjọ tí wọ́n kò gbọdọ̀ ti sọ̀rọ̀. Ó rí akèǹgbè ẹmu, ó gbé e, òfìfo ni. Ó gbé òmíràn, òfìfo ni. Ó kí wọn, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ó fa idà yọ. Nígbà tó wá yé e pé èèwọ̀ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ó fi ìbànújẹ́ ti idà bọ ilẹ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ ọ́ títí di òní. Kò sí àpótí dígí tó lè gba ìtàn yìí. Ẹni tó bá mu ẹmu ní Ìrè, tó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Ìrè, ti rí ohun tí ilé kankan kò lè fi hàn án. Ayédé náà ńkọ́, ìlú tí jagunjagun Èṣùbíyì tẹ̀ dó láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń tú ìlú ká, tí ọdún Yemọja rẹ̀ fi gbajúmọ̀ débi pé Andrew Apter, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé lé e lórí ní 1992? Ọdún náà ń rìn, ó ń kọrin, ó ń gbé omi lórí. Bí a bá tì í mọ́ inú ilé, kò sí mọ́.

Mo gbà gbogbo èyí. Ẹpa tó wà nínú dígí kì í ṣe Ẹpa tó ń jó. Àwọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń kùn lọ́dọọdún á gbẹ, òórùn ewé á lọ, ìlù kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Ẹpa tí kò jó mọ́. Ní ilé tí gbogbo ọmọ ti lọ sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹni tó mọ oríkì ère náà ti kú, kòkòrò àti ikán ló ń jẹ ẹ́, tàbí kí ọmọ kan tí kò mọ ohun tó jẹ́ tà á fún ẹni tó mọ̀ dáadáa. Kì í ṣe pé a fẹ́ yan láàárín ijó àti dígí. Ijó àti ikán ni ọ̀rọ̀ kàn ní ilé kan, dígí àti ikán ni ó kàn ní ilé kejì. Ilé tí mo ń sọ kò gbọdọ̀ gba ère kankan lọ́wọ́ ẹni tó ṣì ń lò ó. Èyí tó ti fẹ̀yìn tì ni kí wọ́n gbà, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tó ni ín, kí ìdílé náà sì lè wá gbé e lọ́jọ́ ọdún, kí wọ́n dá a padà lẹ́yìn ọdún.

Ẹlòmíràn á ní òrìṣà la fẹ́ mú padà wá, pé onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nílùú. Ọ̀yẹ́ fúnra rẹ̀ ti dáhùn èyí láti 1947. Àlùfáà ìjọ ló pe ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà òrìṣà wá gbẹ́ ère Màríà, Mùsùlùmí ni Lámídì Fákẹ́yẹ, òun náà ló sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí èyí tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bà jẹ́ nínú wọn. Wọ́n mọ̀ pé ọgbọ́n ọwọ́ kì í ṣe ẹ̀sìn. Ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí ènìyàn ni. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó wo ère, kí ó má wò ó, kò sẹ́ni tí yóò fipá mú un. Ṣùgbọ́n kí ó má dínà mọ́ ọmọ rẹ̀ láti mọ̀ pé àwọn baba rẹ̀ lè ṣe ohun tí gbogbo ayé ń fìka tọ́.

Ó tún ku àwọn tó ń sọ pé ọgbọ́n òyìnbó ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìkọ̀lé ni wọ́n bí J. F. Adé Àjàyí sí ní 1929, òpìtàn tó di gíwá Yunifásítì Èkó láti 1972 sí 1978. Ohun tó ń kọ́ni ni pé ìjọba àmúnisìn jẹ́ orí kan ṣoṣo nínú ìtàn gígùn ilẹ̀ Áfíríkà, pé kò fa ìtàn náà já. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àṣà ìpamọ́ wa náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó. Kí ni ààfin ń ṣe látayébáyé bí kò ṣe pé ó ń tọ́jú adé, ọ̀pá àṣẹ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìlù láti ọwọ́ ọba kan sí òmíràn, pẹ̀lú ẹni tó ń rántí ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ará ìta kì í wọ yàrá yẹn. Ṣíṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀ la ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ní ti owó, ìbéèrè gidi ni, nítorí Èkìtì kì í ṣe ìpínlẹ̀ olówó. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ẹ̀sìẹ́ ní Kwara. Ní 1945, wọ́n ṣí ilé kan síbẹ̀ fún àwọn ère òkúta tí wọ́n bá níbẹ̀, àwọn ère ọkùnrin àti obìnrin tó jókòó, tí iye wọn ju 800 lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn, ó ṣáájú ti Jos tó ṣí ní 1952 àti ti Èkó tó ṣí ní 1957. Kì í ṣe olú ìlú ni wọ́n kọ́ ọ sí, kì í sì í ṣe torí pé Ẹ̀sìẹ́ lówó. Ibi tí ohun náà wà ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ta ni yóò wá wò ó? Àwọn àlejò ti dé tipẹ́. Láti 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, àwọn tó ń sin aláìsàn wá ń ti ọ̀pọ̀ ìlú àti ìpínlẹ̀ wá, wọ́n sì ń jókòó ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìní ibi tí wọ́n lè lọ bí kò ṣe ilé oúnjẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún nílùú, ó ń jẹ ìndómì ní ẹ̀gbẹ́ géètì, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó lọ. Àlejò ni gbogbo wọn, owó wà lápò wọn, àkókò sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ olè kò ṣe é fi pamọ́. Nínú àwọn ọdún 1990, olè wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, wọ́n sì kó ère lọ. Bí Ifẹ̀ kò bá ríbi sá sí, kí ni ti Ọ̀yẹ́? Ohun tó ń dáàbò bo ère jù ni àwòrán rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ nínú ìwé. Ère tó ní gbogbo èyí, ẹni tó bá rà á kò lè gbé e síta láé, nítorí ẹnikẹ́ni lè dá a mọ̀. Èyí tó wà ní ìgbàlẹ̀ tàbí àjà ilé láìsí àwòrán ni olè ń fẹ́. Kódà kí ilé náà tó dìde, iṣẹ́ àkọsílẹ̀ yìí lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Fóònù akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kan àti ìyọ̀ǹda olórí ìdílé ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní Ọ̀yẹ́, kì í ṣe Ìkọ̀lé tàbí Ìdó, ti hàn nínú ohun tí mo ti sọ: ibẹ̀ ni ibi iṣẹ́ náà wà, ibẹ̀ ni yunifásítì wà, oríta sì ni láàárín àwọn méjèèjì tó kù. Inú ará Ìkọ̀lé lè má dùn, inú ará Ìdó náà lè má dùn, n kò sì bá wọn jà. Ẹ̀gbẹ́ ọjà ni mo ń fẹ́ kó wà, kì í ṣe lẹ́yìn ọgbà gíga kan níta ìlú tí alágbára nìkan ti lè gbé ọkọ̀ lọ. Kí obìnrin tó ń ta ẹ̀gúsí lè wọlé pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀, kí ó sinmi níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí ó wo Ẹpa ìlú rẹ̀, kí ó jáde. Yàrá méjì tó: ọ̀kan fún ohun tí a kó jọ, èkejì fún gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí àlejò lè rí igi tútù tó ń di ojú, kí ó sì lè ra èyí tí wọ́n bá gbẹ́ tán. Kí wọ́n fi àwòrán ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ sí ara ògiri, kí wọ́n kọ ibi tó wà sábẹ́ rẹ̀. Nítòsí ẹnu ọ̀nà, kí ohun tí ọmọdé yóò kọ́kọ́ rí má jẹ́ Ẹpa. Kí ó jẹ́ odó, odó tí wọ́n ti lò pẹ́, tí ikùn rẹ̀ ń dán nítorí iyán ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ náà á dá a mọ̀, torí ó ti rí irú rẹ̀ ní ilé ìyá àgbà. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ fún un pé ẹni tó mọ bí a ti ń gbẹ́ èyí ló gbẹ́ jagunjagun tó wà ní yàrá inú lọ́hùn-ún. Láti ibẹ̀ ọmọ náà á wọlé fúnra rẹ̀.